Ojú Ni Oníbàárà Ń Rántí: Ẹ̀kọ́ Tí Ọjà Libreville Ń Kọ́ Oníṣòwò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí ọ̀rọ̀ náà ti rí nínú ẹjọ́ àti nínú ìfẹ́, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí nínú òwò. Ẹni tí ó bá ń wá ẹ̀rí, kí ó wo ìlú Libreville, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Gabon, níbi tí oríṣi ọjà méjì ti ń du oníbàárà kan náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ọ̀kan ni ilé ìtajà ńlá, irú èyí tí àwọn ará ìlú ti mọ̀ sí Mbolo láti ọjọ́ pípẹ́, níbi tí iye owó ti wà lára ọjà kọ̀ọ̀kan, tí ẹnikẹ́ni kì í ná nǹkan, tí ẹ̀rọ sì ń ṣírò owó. Èkejì ni Mont-Bouët, ọjà tí ó tóbi jù lọ ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà, níbi tí ìsọ̀ ti fara kan ìsọ̀, tí àǹkárá, ẹja gbígbẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà àti ata kún orí àtẹ, tí ẹnu kì í sì í sinmi láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Orúkọ ilé ìtajà ńlá yẹn yẹ fún àkíyèsí. Ọ̀rọ̀ ìkíni ni "mbolo" lẹ́nu àwọn ará Gabon, gẹ́gẹ́ bí Yorùbá ti ń sọ pé "ẹ kú ilé" tàbí "ẹ kú ọjà". Ọlọgbọ́n ni ẹni tí ó sọ ilé ìtajà ní orúkọ ìkíni, nítorí pé ìkíni ni òwò fi ń bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ adúláwọ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ tí a kọ sára ògiri kò lè béèrè àlàáfíà ọmọ, kò sì lè béèrè bóyá ara ìyá àgbà tí ó ń ṣàìsàn ti yá. Obìnrin tí ó jókòó ti àtẹ ata lè béèrè gbogbo rẹ̀, kí oníbàárà sì tó dá a lóhùn tán, ó ti gba apẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Láàárín ọjà méjèèjì yìí ni ìbéèrè kan wà tí ó kan gbogbo oníṣòwò, ìbáà jẹ́ ní Libreville, ní Kútọnu, ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó: kí ni ó ń mú kí oníbàárà padà wá? Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá fi káàdì dáhùn. Wọ́n ní kí oníbàárà máa kó pọ́ìǹtì jọ, bí pọ́ìǹtì bá pọ̀ tó, wọn yóò dín owó kù fún un tàbí kí wọ́n ta á lọ́rẹ. Àwọn ọlọ́jà ti ní ìdáhùn tiwọn kí káàdì tó dé. Èènì ni Yorùbá ń pè é. Ohun tí ó yẹ kí oníṣòwò yẹ̀ wò ni ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń gbàgbé èkíní, tí wọn kì í sì í gbàgbé èkejì.

Bí káàdì ti bẹ̀rẹ̀

Ìtàn káàdì kò bẹ̀rẹ̀ lórí káàdì rárá. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1844, ní ìlú Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn òṣìṣẹ́ kan tí àwọn ahunṣọ wà lára wọn da owó jọ, wọ́n sì ṣí ilé ìtajà kékeré kan ní òpópónà tí ń jẹ́ Toad Lane. Ènìyàn 28 ni ìtàn ń kà mọ́ àwọn olùdásílẹ̀ náà. Ìyẹ̀fun, bọ́tà àti ṣúgà wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ tà. Wọn kì í ta àwìn. Bí èrè bá wọlé, wọn a pín in fún àwọn oníbàárà tí wọ́n jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, gẹ́gẹ́ bí iye ọjà tí oníkálukú rà. Wọn kò fi mọ síbẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà rọ́wọ́ mú, wọ́n ṣe iyàrá ìkàwé fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Oníbàárà ibẹ̀ mọ oníbàárà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n jọ ń jókòó nípàdé, wọ́n sì jọ ń dìbò. Láti ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ti tàn ká ayé, tí ó fi dé ilẹ̀ Yorùbá lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ oníkòkó.

Ní ọdún 1896, àwọn méjì kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Sperry àti Hutchinson, gbé ọ̀nà mìíràn jáde. Wọ́n tẹ sítáǹbù aláwọ̀ ewé, wọ́n ń tà á fún àwọn ilé ìtajà, àwọn yẹn sì ń fún oníbàárà ní iye tí ó bá ọjà tí ó rà mu. Oníbàárà yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìwé kékeré kan. Bí ìwé bá kún, yóò gbé e lọ gba ohun èlò ilé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, iṣẹ́ gbogbo ìdílé ni sítáǹbù lílẹ̀ yìí: ìyá, bàbá àti ọmọ a pagbo yí tábìlì ká, wọn a máa lẹ sítáǹbù, wọn a sì máa bára wọn sọ ohun tí ilé fẹ́ gbà.

Nígbà tí ó di ọdún 1981, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú American Airlines bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye máìlì tí èrò wọn bá rìn, tí ẹni tí ó bá rìn púpọ̀ ń gba ìwé ọkọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ọdún 1995, ilé ìtajà Tesco ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé káàdì Clubcard jáde fún gbogbo oníbàárà. Láti ìgbà náà ni kọ̀ǹpútà ti mọ ohun tí oníbàárà rà, ọjọ́ tí ó rà á àti iye tí ó san.

Ẹni tí ó bá fi ojú inú wo ìtàn yìí yóò rí i pé ohun kan ń dín kù bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ní Rochdale, aládùúgbò àti aládùúgbò ni wọ́n jọ ń rajà. Nígbà sítáǹbù, ìdílé kan náà ni wọ́n jọ jókòó ti tábìlì. Nígbà tí káàdì dé, ó ku oníbàárà nìkan níwájú ẹ̀rọ. Ilé-iṣẹ́ wá mọ oníbàárà ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ṣùgbọ́n oníbàárà kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Pọ́ìǹtì kò burú. Ẹni tí a dín igba náírà kù fún ti jèrè igba náírà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń délé tí í sọ ìtàn pọ́ìǹtì fún aya tàbí fún ọkọ. Ohun tí ènìyàn kò bá sì lè fi sọ ìtàn, kì í pẹ́ lọ́kàn rẹ̀.

Èènì, ẹ̀bùn tí ó ní ẹlẹ́rìí

Ẹ wo bí èènì ti ń ṣiṣẹ́. Ọlọ́jà wọn gàrí, kóńgò kún dé orí, ó dà á sínú ọ̀rá. Oníbàárà kò gba ọ̀rá náà, ńṣe ni ó tún ya ẹnu rẹ̀ sílẹ̀, tí ó ní, "Ẹ bù sí i fún mi." Ọlọ́jà a pariwo pé òun kò jèrè, pé ọjà ti gbówó lórí, pé oníbàárà yìí fẹ́ lé òun kúrò ní ìsọ̀. Àwọn tí ó wà nítòsí a máa rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ ọlọ́jà a wọ inú gàrí, tí ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan sí i. Oníbàárà dúpẹ́, ó gbéra. Ẹ̀kúnwọ́ gàrí yẹn kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe lọ́kàn rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Ohun mẹ́ta ni ó fún èènì lágbára. Èkíní, ojú ẹsẹ̀ ni oníbàárà ń gbà á, kì í dúró di oṣù mẹ́fà. Èkejì, ọwọ́ ènìyàn ni ó ti ń gbà á, lẹ́yìn ẹ̀bẹ̀ àti àwàdà, tí ó fi dà bí ẹni pé òun ni ó fi ẹnu ara rẹ̀ gbà á. Ẹ̀kẹta, ojú àwọn ẹlòmíràn ni ó ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ó rí i pé ọlọ́jà bu èènì fún aládùúgbò òun mọ̀ pé aládùúgbò náà ní iyì níbẹ̀, òun náà yóò sì fẹ́ irú iyì bẹ́ẹ̀.

Èènì tún ní ọgbọ́n kan tí ẹ̀rọ kò ní: kì í ṣe dọ́gbadọ́gba. Ọlọ́jà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ a bu púpọ̀ fún aboyún, a bu fún ìyá tí ó gbé ọmọ sẹ́yìn, a sì bu jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣòfò. Èènì ọjọ́ ìbànújẹ́ kì í tán lọ́kàn olúwarẹ̀. Káàdì ń san ẹ̀san fún ẹni tí ó ná owó púpọ̀. Èènì lè bojú wo ẹni tí owó rẹ̀ kò tó.

Ilẹ̀ Yorùbá nìkan kọ́ ni àṣà yìí wà. Nínú àwọn ọjà tí wọ́n ti ń sọ Faransé nílẹ̀ adúláwọ̀, "cadeau" ni oníbàárà ń béèrè, èyí tí ó túmọ̀ sí ẹ̀bùn. Ní ìlú New Orleans ní Amẹ́ríkà, "lagniappe" ni wọ́n ń pe ohun kékeré tí ọlọ́jà fi ń lé ọjà. Ọ̀nà jíjìn ni àwọn ìlú wọ̀nyí wà síra wọn, ṣùgbọ́n òye kan náà ni gbogbo wọn ní.

Òótọ́ kan tún wà tí kò yẹ kí a fi pamọ́. Àwọn ọlọ́jà kan wà tí wọ́n ń gbé ìdí kóńgò sókè, tàbí tí wọ́n ń tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọ inú, kí ọjà lè dín, kí wọ́n sì wá fi èènì bo ìréjẹ náà mọ́lẹ̀. Irú èènì bẹ́ẹ̀ kò yàtọ̀ sí ilé-iṣẹ́ tí ó fi owó kún ọjà kí ó tó kéde ẹ̀dínwó. Oníbàárà lè má sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí ó bá mọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò bá a sọ̀rọ̀.

Ẹni méjì ni ń jẹ́ kọ́sítọ́mà

Nínú ọjà Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí àwọn onílé-iṣẹ́ ńlá ronú lé lórí. Òyìnbó ń pe ẹni tí ń ra ọjà ní "customer", ẹni tí ń tà kò sì sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí Yorùbá gba ọ̀rọ̀ yìí, ó yí i padà. Ẹni tí ń rà ń pe ẹni tí ń tà ní "kọ́sítọ́mà mi", ẹni tí ń tà náà sì ń pe ẹni tí ń rà bẹ́ẹ̀. Ìdè ọlọ́wọ́ méjì ni. Bí oníbàárà bá lọ rajà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ojú a máa tì í nígbà tí ó bá ń kọjá níwájú ìsọ̀. Bákan náà, bí ọlọ́jà bá ta ojúlówó iṣu fún àlejò, tí kò fi èyí tí ó dára pamọ́ de kọ́sítọ́mà rẹ̀, ó ti jẹ̀bi.

Nítorí náà ni àjọṣe ọjà fi ń jáde kúrò lọ́jà. Kọ́sítọ́mà a lọ sí ìsọmọlórúkọ kọ́sítọ́mà. Ẹni tí ń ta aṣọ a bá oníbàárà rẹ̀ gbé ìnáwó, nítorí lọ́dọ̀ rẹ̀ ni wọn yóò ti ra aṣọ ẹbí. Nígbà náà, ọjà tí ó ti tà kò jẹ́ ọjà lásán mọ́. Bí oníbàárà bá wo àwòrán ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn ogún ọdún, aṣọ tí ó rà lọ́dọ̀ kọ́sítọ́mà rẹ̀ ni yóò rí lára gbogbo ẹbí. Kò sí pọ́ìǹtì tí ó lè wọ inú àwòrán bẹ́ẹ̀.

Ìrántí tún ní èyí tí kò dùn. Àwọn Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń kiri aṣọ tà láyé àtijọ́, tí a mọ̀ sí Òṣómàáló, ń ta aṣọ láwìn, wọ́n ń gba owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ọjọ́ owó bá pé tí onígbèsè kò san, wọn a lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ títí tí yóò fi san án. Ibẹ̀ ni orúkọ wọn ti wá. Ọ̀pọ̀ tálákà ló fi ọgbọ́n wọn wọ aṣọ tí kì bá lè rà lẹ́ẹ̀kan náà. Oníbàárà wọn kò gbàgbé wọn, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìrántí ìtìjú wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ òwò di ohun àjùmọ̀ṣe ní láti mọ̀ pé gbangba tí ó ń gbé iyì fún oníbàárà náà ni ó lè dójú tì í.

Àjọ ló ń so oníbàárà mọ́ oníbàárà

Èènì ń so oníbàárà mọ́ ọlọ́jà. Àjọ ló ń so oníbàárà mọ́ oníbàárà. Ní Libreville, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí káàkiri ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Faransé ní Áfíríkà, "tontine" ni wọ́n ń pe èésú. Àwọn obìnrin ọjà a dá iye owó kan náà, ẹnì kan a kó o lónìí, ẹlòmíràn a kó o lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀, títí yóò fi kárí. Àṣà yìí lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Yorùbá fi gbé e kọjá òkun: ní Trinidad, "sou-sou" ni wọ́n ń pè é, ní Bahamas "asue" ni. Owó wọn ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn, wọn kò rí ọgbọ́n owó gbà.

Nípa alájọ, ta ni kò tíì gbọ́ nípa Alájọ Ṣómólú? Alphaeus Taiwo Olunaike ni orúkọ bàbá náà, ọmọ Ìjẹ̀bú ni. Bí orí ẹnì kan bá pé, àwọn ará Èkó a ní orí rẹ̀ dà bí ti Alájọ Ṣómólú, ẹni tí ó gba àjọ fún ọdún mẹ́ta láìkọ ọ́ sínú ìwé, tí kò sì ṣi owó ẹnikẹ́ni san. Wọ́n tún ní ó ta mọ́tò, ó fi owó rẹ̀ ra kẹ̀kẹ́. Àwọn kan a máa fi ìyẹn ṣe ẹ̀rín, ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà níbẹ̀: mọ́tò kò lè wọ àárín ìsọ̀, kẹ̀kẹ́ lè wọ̀ ọ́. Ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́ lè dúró lẹ́nu àtẹ kọ̀ọ̀kan, kí ó kí ìyá Ṣadé, kí ó kí ìyá Kọ́lá, kí ó sì mọ ẹni tí ọjà rẹ̀ kò tà. Ohun tí ó sọ ọ́ di ẹni ìtàn ni pé àwọn oníbàárà rẹ̀ gbà pé òun ni ó ń rántí wọn.

Àpẹẹrẹ òde òní kan tún fi agbára àjọṣe hàn. Ní ọdún 2001, ilé-iṣẹ́ fóònù kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà pẹ̀lú orúkọ Econet. Láàárín ọdún mẹ́sàn-án, ó jẹ́ Vodacom, ó jẹ́ Vmobile, ó jẹ́ Celtel, ó jẹ́ Zain, kí ó tó wá di Airtel ní ọdún 2010. Ní Gabon náà, àwọn oníbàárà Celtel rí i tí ó di Zain, tí Zain sì di Airtel. Bí ó bá jẹ́ pé orúkọ àti ìpolówó ni ó ń di oníbàárà mú, ọ̀pọ̀ ìbá ti sá lọ. Ohun tí ó mú wọn dúró ni nọ́ńbà tí ìyá, ọmọ, ọ̀rẹ́ àti oníṣòwò ẹlẹgbẹ́ wọn ti mọ̀ wọ́n mọ́. Àwọn ènìyàn tí ó yí oníbàárà ká ni wọ́n dì í mú, kì í ṣe ilé-iṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá gbọ́n yóò mọ̀ pé àjọṣe àwọn oníbàárà láàárín ara wọn ni odi tí ó le jù lọ yí òwò rẹ̀ ká.

Ìdánwò àwọn àlejò

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré fún àwọn tí wọ́n ń tajà ní Libreville. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2013, iye ènìyàn Gabon jẹ́ nǹkan bí 1,800,000, àwọn tí ó lé ní 700,000 nínú wọn sì ń gbé Libreville. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń ta ọjà kéékèèké níbẹ̀ jẹ́ àlejò láti Olómìnira Benin, Togo, Nàìjíríà, Màlì, Senegal àti Kamẹrúùn. Àwọn ọmọ Yorùbá wà lára wọn, pàápàá àwọn tí ará Benin ń pè ní Nàgó. Fún àlejò bẹ́ẹ̀, oníbàárà kì í ṣe orísun owó nìkan. Òun ni ẹbí rẹ̀ nílùú onílùú.

Ìtàn sì ti dán irú ẹbí yìí wò lọ́pọ̀ ìgbà. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ní ọjọ́ 14 péré láti gba ìwé ìgbélùú tàbí kí wọ́n jáde. Ọ̀pọ̀ Yorùbá oníṣòwò ló fi ìsọ̀ sílẹ̀, tí wọ́n sì fi àwìn sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn oníbàárà tí wọn kò ráyè bá mọ́. Ní oṣù Keje ọdún 1978, lẹ́yìn ìjà láàárín Ààrẹ Bongo ti Gabon àti Ààrẹ Kérékou ti Benin, Gabon lé àwọn ọmọ Benin tí iye wọn tó nǹkan bí 9,000 sí 10,000. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1995, nígbà tí gbèdéke ìwé ìgbélùú pé, nǹkan bí 55,000 àlejò ló fi Gabon sílẹ̀. Ọdún kan péré ṣáájú èyí, ní oṣù Kínní ọdún 1994, wọ́n ti gé owó sẹ́fà sí ìdajì, tí ọjà tí ń ti òkè òkun wá fi di ọ̀wọ́n gógó.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ọ̀rọ̀ náà tún yọjú. Ìjọba Ààrẹ Brice Clotaire Oligui Nguema kéde pé àwọn iṣẹ́ kéékèèké kan yóò jẹ́ ti ọmọ Gabon nìkan. Lára wọn ni títa ọjà kéékèèké ní àdúgbò, títún fóònù ṣe, àti irun ṣíṣe lẹ́bàá ọ̀nà. Ìdí tí ìjọba fi sílẹ̀ ni kí àwọn ọmọ ìlú lè ríṣẹ́ ṣe. Onílùú ló nílùú. Kò sí àlejò tí ó lè sọ pé kí onílé má ṣe òfin ilé rẹ̀. Ìfẹ́ oníbàárà kì í ṣe ìwé ìgbélùú.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ fún àwọn méjèèjì. Fún ọmọ ìlú tí yóò jókòó sí àyè àlejò: ìjọba lè gba ìsọ̀ fún un, kò lè gba oníbàárà fún un. Àtẹ nìkan ni òfin lè gbé lé e lọ́wọ́. Orúkọ àwọn ọmọ oníbàárà, ẹni tí ó fẹ́ràn ẹja líle, ẹni tí owó rẹ̀ kì í wọlé títí di ìparí oṣù, gbogbo ìyẹn kò sí nínú òfin. Ó ní láti fi ọ̀yàyà, sùúrù àti èènì kọ́ ọ. Fún àlejò, ẹ̀kọ́ náà ni pé ẹni tí ó bá fi gbogbo òwò rẹ̀ há orí ara rẹ̀, lọ́jọ́ tí ó bá lọ, gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó ti kọ́ ọmọ ìlú níṣẹ́, tí ó wà nínú àjọ pẹ̀lú àwọn obìnrin ìlú, tí ó sì kọ àwìn rẹ̀ sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí, ó ní ẹni tí yóò bá a gba owó, tí yóò sì bá a tọ́jú ọjà. Ènìyàn ló ń bo ni lára, aṣọ kọ́.

Ohun tí oníṣòwò lè ṣe

Ẹni tí ó ní ilé ìtajà ńlá tí ó sì ń pín káàdì kò ní láti jù ú nù. Kí ó kàn fi ohun tí ọjà mọ̀ kún un ni. Kí ó jẹ́ kí àwọn tí ń gba owó ní ẹnu ọ̀nà ní àṣẹ láti ta oníbàárà lọ́rẹ ohun kékeré lójú ẹsẹ̀, láìbéèrè lọ́wọ́ ọ̀gá. Ọṣẹ kan tí a fi sínú àpò ìyá tí ó ń tọ́jú ọmọ tuntun yóò pẹ́ lọ́kàn rẹ̀ ju àtẹ̀jíṣẹ́ ọjọ́ ìbí tí ẹ̀rọ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ̀rún ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà lọ.

Kí ó jẹ́ kí àwọn oníbàárà jọ kó pọ́ìǹtì jọ. Bí ìdílé mẹ́wàá ní òpópónà kan bá pa pọ̀ rajà dé iye kan, kí ẹ̀bùn náà jẹ́ ti gbogbo wọn: àpò ìrẹsì kan tí wọn yóò jọ pín, tàbí ìwé fún ilé-ìwé àdúgbò wọn. Àwọn ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá ti ń ṣe irú rẹ̀: wọ́n ń dá owó láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kí àgbò iléyá tàbí oúnjẹ Kérésì má baà di ìṣòro. Ilé ìtajà tí ó bá ṣe alájọ irú àjọ bẹ́ẹ̀, tí kò sì ṣi owó ẹnikẹ́ni san, ti di ẹbí.

Kí ó pín ẹ̀bùn ní gbangba, kí ó máa gba gbèsè ní kọ̀rọ̀. Kí a pe orúkọ ẹni tí a fẹ́ yìn, kí a má ṣe pe orúkọ ẹni tí ó jẹ owó. Bí ó bá kó àwọn oníbàárà jọ sórí WhatsApp, kí ó rántí pé agbo àwọn ènìyàn ni, kì í ṣe pátákó ìpolówó. Ìkíni àti ìbánikẹ́dùn yẹ kí ó wà níbẹ̀ ju iye owó ọjà lọ. Ohun tí ó bá sì mọ̀ nípa oníbàárà, kí ó fi ṣe é lóore. Kó má fi ṣọ́ ọ.

Paríparí rẹ̀, kí ó yé ìgbà tí ó yẹ kí èènì pọ̀. Nígbà tí owó bá wà lọ́wọ́ oníbàárà, gbogbo ọlọ́jà ni yóò máa rẹ́rìn-ín sí i. Ọjọ́ tí owó bá já sí ìdajì, tí iṣẹ́ bá bọ́, tí ilé bá jó, ni oníbàárà ń mọ ẹni tí ó jẹ́ kọ́sítọ́mà rẹ̀. Ẹ̀kúnwọ́ kan tí ọlọ́jà bá bù sí i lọ́jọ́ náà, ìwé ìṣirò lè pè é ní òfò, ṣùgbọ́n oníbàárà yóò sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀, ọmọ náà yóò sì mọ ìsọ̀ tí òun yóò yà sí nígbà tí ọwọ́ tirẹ̀ bá tó owó.